Bébà Ẹ̀rọ, Owó Àìfojúrí àti Ẹgbẹ́ Òǹkàwé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àbáláyé bí irú èyí tí a sábà máa ń kọ síhìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì pátápátá. Ó kan ìwé, ó kan owó, ó sì kan ẹgbẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò yẹ ojú ewé wa, kí ó jọ̀wọ́ fi sùúrù bá mi dé ìdajì ọ̀nà kí ó tó ṣí i kọjá.

Ní ìgbà òjò tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá kí wa ní ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan ń gbé ní Ìbàfò, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti dá a dúró fún wákàtí mẹ́ta, síbẹ̀ ẹ̀rín ló bá wọlé. Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì yọ ohun pẹlẹbẹ mẹ́ta jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tóbi ju síléètì tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń kọ́ ìṣirò láyé àtijọ́ lọ. Ó ní bébà ẹ̀rọ ni. Lẹ́yìn náà ni ó wá là wá lóye: ó fẹ́ dá ẹgbẹ́ òǹkàwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí ẹgbẹ́ náà yóò máa ná láàárín ara rẹ̀ kì í ṣe náírà, owó àìfojúrí ni, èyí tí àwọn tó ń lò ó ń pè ní tókìn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ yóò fi náírà ra tókìn. Ẹgbẹ́ yóò fi náírà náà ra bébà ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ka ìwé, tàbí tó kọ àríwísí nípa ìwé, yóò gba tókìn sí i. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ bá sì sú, yóò ta tókìn tirẹ̀ fún ẹlòmíràn, bóyá pẹ̀lú èrè.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n ni pé ó ti gbọ́ pé mo ń gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu bàbá ọdẹ kan ní abúlé tí kò jìnnà sí wa, fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí mo fẹ́ fi gba oyè. Ó ní ìjálá Bàbá ni kí a fi ṣe ìwé àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́: ẹ̀dà tó níye, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, tí a ó máa tà gẹ́gẹ́ bíi tókìn. Ó fún mi ní ìwé ètò kan pé kí n lọ kà á, kí n sì fún òun lésì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kà á tán. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni mo ń kọ síhìn-ín.

Kí n kọ́kọ́ san gbèsè ìyìn. Bébà ẹ̀rọ náà dára. Èmi tí mo ti ń fi fóònù kàwé títí ojú fi ń ta mí, nígbà tí mo gbé e sójú oòrùn níwájú ilé, tí lẹ́tà rẹ̀ sì hàn kedere bí ẹni pé wọ́n fi tàdáwà kọ ọ́, mo ní háà! Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Àwọn hóró bíńtín-bíńtín tí ojú lásán kò lè rí ló tẹ́ sábẹ́ ojú rẹ̀, àìmọye wọn; nínú hóró kọ̀ọ̀kan ni lẹ́búlẹ́bú funfun àti lẹ́búlẹ́bú dúdú ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi kan. Bí iná mọ̀nàmọ́ná díẹ̀ bá kàn wọ́n, dúdú á gòkè, funfun á lọ sísàlẹ̀, tàbí kí funfun gòkè kí dúdú sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti dúró síbi tí wọ́n dúró sí, wọn kò nílò iná mọ́ títí a ó fi ṣí ojú ewé mìíràn. Ìdí nìyí tí bátìrì rẹ̀ fi ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́, nígbà tí agbára káká ni ti fóònù fi ń rí òpin ọjọ́ kan. Ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà ni Joseph Jacobson àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ náà, tí ilé iṣẹ́ E Ink sì tibẹ̀ jáde ní 1997. Sony gbé ẹ̀rọ ìkàwé tó ń lò ó jáde ní Japan ní 2004, Kindle ti Amazon tẹ̀ lé e ní 2007. Ní ibi tí iná ìjọba ti ń ṣe bí àlejò, tó bá lọ lónìí tí a kò mọ ìgbà tí yóò tún yà, ta ni yóò sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò wúlò?

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí n gbé Yorùbá sórí rẹ̀ wò, ojú mi rí nǹkan. Mo fi ojú ewé méjì nínú ìjálá Bàbá sínú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni, nítorí náà ọ̀kọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Níbi tí mo kọ ‘ọ̀kọ̀’ sí, àpótí òfìfo méjì ni mo rí, lẹ́tà kan sì dá dúró láàárín wọn bí ọmọ òrukàn. Níbòmíràn, àmì ohùn fi orí lẹ́tà tirẹ̀ sílẹ̀, ó lọ jókòó sórí èyí tó tẹ̀ lé e bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé nínú èdè wa, ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tó ń kọ ebè, ọkọ̀ tó ń gbé èrò àti ọ̀kọ̀ tó ń gún ẹkùn, àmì ohùn nìkan ló ń yà wọ́n. Ìjálá tó sọ pé ọdẹ fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ tí ó gbé ọkọ lọ sígbó, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó fà á, nítorí àwa tí a ń kọ́ èdè ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ètò tí gbogbo ayé jọ ń lò fún èyí ni Unicode. Ètò yìí fún ‘à’ àti ‘é’ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, nítorí pé àwọn èdè Yúróòpù ti ń lò wọ́n tipẹ́. Ó fún ‘ẹ’ àti ‘ọ’ náà ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ‘ẹ̀’ àti ‘ọ́’, tí wọ́n ní àmì lókè tí wọ́n sì ní nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan tó dá dúró; nọ́ńbà méjì ni a ó so pọ̀, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tó gbé àmì lé orí lẹ́tà. Bí fọ́ǹtì tó wà nínú ẹ̀rọ náà kò bá mọ bí a ti ń ṣe ìsopọ̀ yìí, àpótí òfìfo ni yóò fi dá ọ lóhùn. Àrùn náà ní oògùn: ẹni tó ń ṣe ìwé lè di fọ́ǹtì tó péye mọ́ inú ìwé náà, kí ó má fi ti ẹ̀rọ ṣe. Mo wá padà wo ìwé ètò ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, ojú ewé mọ́kànlá gbáko. Iye tókìn tí wọn yóò dá wà níbẹ̀. Ìpín àwọn olùdásílẹ̀ wà níbẹ̀. Àwòrán tó ń fi hàn bí iye owó rẹ̀ yóò ṣe máa gòkè wà níbẹ̀, ó sì dára lójú. Fọ́ǹtì kò sí níbẹ̀. Kò sí ibì kan tí wọ́n ti dárúkọ àmì ohùn.

Bí mo bá dúró níbẹ̀, mo ti rẹ́ ẹ jẹ, nítorí ó bi wá ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè dáhùn. Ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ìwé tí ẹ rà sórí fóònù yín, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín lóòótọ́?’ Ní 2009, Amazon pa ìwé George Orwell méjì, 1984 àti Animal Farm, rẹ́ kúrò nínú Kindle àwọn tó ti sanwó, nítorí pé ẹni tó gbé wọn wá sí ọjà kò ní ẹ̀tọ́ láti tà wọ́n. Wọ́n dá owó padà, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti rí i rí kí ọlọ́jà ìwé wọ yàrá ẹni lóru láti wá kó ìwé? Nítòsí wa níhìn-ín, OkadaBooks, tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀ ní 2013, níbi tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti ń ta ìwé wọn sórí fóònù ní owó pọ́ọ́kú, kógbá sílé ní ìparí oṣù Kọkànlá 2023. Ẹni tó bá ní bébà gidi ní ilé kò ní í mọ̀ pé ilé ìtàwé ti kógbá sílé.

Ohun tí àwọn onítókìn fi ń dáhùn ìbéèrè yìí kò burú. Wọ́n ní ìwé àkọsílẹ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé jọ ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí a bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé Lágbájá ló ni ẹ̀dà kẹrìnlá, kò sí ilé iṣẹ́ kan tó lè dá pa á rẹ́. Ní Amẹ́ríkà, Book.io bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé lọ́nà yìí ní 2022, lórí àkọsílẹ̀ tí à ń pè ní Cardano. Ẹni tó bá rà á lè tún un tà bí a ti ń ta ìwé àlòkù, òǹkọ̀wé sì lè rí ìpín díẹ̀ gbà nínú títà ẹlẹ́ẹ̀kejì, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí lábẹ́ afárá níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé àlòkù. Mo gbà pé èrò rere nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ni ó wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn gan-an? Kì í ṣe ìwé. Orúkọ ìwé àti ẹni tó ni ín ló wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi rìsíìtì. Ọ̀rọ̀ inú ìwé wà ní títì pa níbòmíràn, ilé iṣẹ́ tó tà á ló sì ní kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ṣí i. Bí ilé iṣẹ́ náà bá lọ lọ́jọ́ kan, rìsíìtì tí kò lè parun ni yóò kù lọ́wọ́ rẹ, fún ìwé tí kò ṣeé kà.

Àwọn bàbá wa náà mọ̀ nípa ohun kékeré tó dúró fún ọ̀rọ̀ ńlá. Àrokò ni. Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó gbà á mọ̀ pé ẹ̀fà ni, ọkàn ẹni náà fà sí òun. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó mọ̀ pé ohùn àwọn méjèèjì jọ. Owó ẹyọ kan náà yìí ni wọ́n fi ń ra ẹ̀kọ lọ́jà o! Ohun tó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ni òye tó wà láàárín ẹni méjì, wọ́n sì ti ní òye yẹn kí ẹyọ kankan tó kúrò nílé. Ẹ fi mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀ yín rí, yóò fi ra ẹ̀kọ jẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa. Ní Abẹ́òkúta, ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí, ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní oṣù Kejìlá 1859, kí àwọn ènìyàn lè mú un bí àṣà láti máa fi ìwé kíkà wá ìmọ̀. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á, okùn mẹ́ta géérégé, nítorí ogójì ni okùn kan. Ṣé owó ẹyọ ló wá kó àwọn òǹkàwé rẹ̀ jọ? Rárá. Láti 1846 tí àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run ti tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní A, B, D, pẹ̀lú ìrora. Àwọn òǹkàwé ti wà nílẹ̀ kí okùn mẹ́ta tó di iye owó. (Nígbà Ìfọ́lé ní 1867, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà jẹ́, ìwé ìròyìn náà sì dópin, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń sọ pé bébà gidi kì í kú.)

Láyé ìgbà náà gan-an, owó ẹyọ fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn. Àwọn oníṣòwò Hamburg ti rí oríṣi ẹyọ mìíràn tó pọ̀ lọ jàra ní apá Zanzibar, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí etíkun wa, iye tí ẹyọ lè rà sì ń rẹlẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Ẹni tó kó ọ̀kẹ́ kan pa mọ́ sílé rí i pé ẹgbàawàá tó kó pa mọ́ kò dín ẹyọ kan, ọjà tó lè rà ló dín. Ìdí tí mo fi mẹ́nu kan èyí ni pé ó wà ní ojú ewé kẹsàn-án ìwé ètò náà pé àwọn olùdásílẹ̀ lè dá tókìn sí i nígbà tó bá yẹ. Ta ni yóò mọ ìgbà tó yẹ? Ọ̀dọ́mọkùnrin náà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ni. Mo bi í léèrè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fọkàn tán àwọn.

Ní orílẹ̀-èdè tí MMM ti ti owó àwọn ènìyàn mọ́lé ní oṣù Kejìlá 2016, tí CBEX sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025, ọ̀rọ̀ ìfọkàntán kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ó dá mi lóhùn pé òfin ti gbà á. Òótọ́ ni pé Báńkì Àgbà tó lé àwọn onítókìn kúrò ní báńkì ní oṣù Kejì 2021 ti dẹ okùn náà ní oṣù Kejìlá 2023, òfin tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2025 sì ti ka irú owó bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tí ìjọba ń bójú tó. Ṣùgbọ́n kí òfin mọ̀ pé ọjà kan wà, kò sọ pé ọjà náà kò ní í jóná.

Èmi kò tilẹ̀ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ olè gbà wá lọ́kàn jù, nítorí mo gbà pé ọmọkùnrin náà kì í ṣe olè. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ohun tí ètò náà yóò fi àwa òǹkàwé ṣe bí gbogbo rẹ̀ bá tilẹ̀ lọ déédéé. Bí a bá ń san tókìn fún ojú ewé tí a ṣí, a ó ṣí ojú ewé. Bí a bá ń san án fún àríwísí, a ó kọ àríwísí. Ṣùgbọ́n aríwísí náà ní tókìn ìwé tó ń rí wí sí lọ́wọ́! Bí ó bá sọ pé ìwé náà kò dára, iye owó tirẹ̀ ni yóò wálẹ̀. Ta ni yóò wá sọ òótọ́? A ó máa yin ìwé ara wa bí ẹni ń polówó epo pupa, ẹni tó bá sì bẹnu àtẹ́ lu ìwé kan, ọ̀tá gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò dà.

Ẹ fi èyí wé ẹgbẹ́ tí ìjálá ní láti ayébáyé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ti fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1966 pé bí apohùn bá ń sun ìjálá lọ́wọ́, tí ó ṣi oríkì sọ, ọ̀jọ̀gbọ́n apohùn mìíràn tó wà níbẹ̀ lè dá a lẹ́kun lójú agbo, kí ó sọ fún un pé irọ́ ló pa. Ẹni tí a bá wí yóò gbà tàbí kí ó fi ohùn gbèjà ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń gbowó lórí àtúnṣe yẹn. Ìtìjú àti iyì ni owó ibẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí ìjálá wà láàyè nìyẹn, pé agbo ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀dà ẹgbẹ̀rún kan tó ní nọ́ńbà, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè tún un ṣe mọ́ nítorí pé àtúnṣe yóò ba iye owó rẹ̀ jẹ́, ibo ni agbo yóò ti ráyè wọ̀ ọ́?

Ẹnì kan lè sọ pé ṣebí àwa náà ti ń fi owó kó ara wa jọ tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, èsúsú ni, àjọ ni. Ṣùgbọ́n nínú èsúsú, mo mọ ilé rẹ, o mọ ilé mi. O kò lè ta ìdá tìrẹ fún àjèjì ní ìlú òyìnbó kí o sì máa lọ. Ohun tí a dá náà ni a ó kó, kò lé, kò dín. Tókìn tó bá fara jọ èsúsú kò ní í bí mi nínú. Ní Mombasa ní Kenya, Will Ruddick àti àwọn ará àdúgbò kan bẹ̀rẹ̀ Bangla-Pesa ní 2013, bébà kéékèèké tí àwọn oníṣòwò fi ń ra ọjà lọ́wọ́ ara wọn nígbà tí ṣílè bá wọ́n. Ìjọba kọ́kọ́ gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì fagi lé ẹjọ́ náà lẹ́yìn-ò-rẹyìn. Irú owó àdúgbò bẹ́ẹ̀ ti wá dé orí ẹ̀rọ ní Kenya, orúkọ rẹ̀ ni Sarafu. Ohun tí ẹnì kan lè fi ṣe ni kí ó fi ra ẹ̀wà tàbí kí ó fi gẹrun. Bí tókìn ẹgbẹ́ òǹkàwé bá jẹ́ ẹ̀tọ́ láti yá bébà ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ kan péré, tí kò ṣeé tà, tí kò sì lè gbówó lórí, kò sí ìjà.

Bébà ẹ̀rọ náà yóò sì fọ́, ẹ má gbàgbé. Nígbà tí Worldreader gbé Kindle lọ fún àwọn ọmọ iléèwé ní Gánà láti 2010, àwọn ọmọ kàwé, inú wọn dùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà ni ojú wọn fọ́. Nígbà tó yá, fóònù ni ẹgbẹ́ náà gbájú mọ́. Ta ni yóò tún un ṣe ní Ìbàfò? Èyí náà kò sí nínú ojú ewé mọ́kànlá.

Mo lọ bá Bàbá kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn títí ẹnu fi gbẹ mí. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, ‘Ọmọ mi, ẹni tó bá ra ọ̀kan níbẹ̀, ṣé yóò lè sun ún?’ Mo ní rárá, Bàbá, ṣùgbọ́n òun ni yóò ni ín. Wọ́n ní, ‘Yóò ni kí ni?’ N kò rí èsì fọ̀. Wọ́n sọ fún mi pé ọdún méje ni àwọn fi gbé àpò tẹ̀ lé ọ̀gá àwọn kí ó tó gbà pé àwọn lè dá sun ìjálá lójú agbo, àti pé ọ̀gá náà kò gba kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bí owó kan bá wá wọlé níbẹ̀ ṣá, kí n má gbàgbé ilé àwọn o.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà dé, mo sọ fún un pé ìjálá Bàbá kò sí nínú ọjà náà. Kò bínú. Ó ní a kò ní í lówó láéláé. Àwa mẹ́sàn-án dá àjọ, a sì ra ọ̀kan nínú bébà ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ti bá mi di fọ́ǹtì mọ́ inú ìwé, ọ̀kọ̀ ti padà di ọ̀kọ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti wà ní igun òkè ojú rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni kejì, kò sì sí ẹni tó jẹ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tèmi, mo gbé e lọ sí abúlé, mo ka ojú ewé kejì sí Bàbá létí. Wọ́n ní mo ti ṣi oríkì ẹfọ̀n kọ ní ìlà kẹjọ, kí n tún un ṣe kí n tó gbé e fún ẹni kẹrin.